Ọkọ̀ Onígbòkun Tí A Kàn ní Ìkọ̀lé

Ìrókò tí a bá fi ooru omi gbígbóná sè ní òórùn kan tí kì í kúrò lára aṣọ bọ̀rọ̀. Ó korò, ó sì máa ń ta ni nímú bí ata tí wọ́n ń dín ní ilé kejì. Nǹkan bí ọdún mẹ́ta ni mo fi gbé òórùn yẹn relé lójoojúmọ́, tí ìyàwó mi á ní kí n bọ́ ṣòkòtò iṣẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé kí n tó wọ yàrá. Ọkọ̀ ojú omi la fi igi náà kàn, ọkọ̀ onígbòkun, ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, níbi tí odò tó tóbi jù lọ tí a mọ̀ kò ju èyí tí ọmọdé lè fẹsẹ̀ wọ́ kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo mọ̀ pé ó jọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Àwa náà fi rẹ́rìn-ín nígbà náà, kó tó di pé ẹ̀rín tán.

Ìgbà náà ni àwọn ṣọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá, tí kò tíì sí fóònù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ládùúgbò wa. Mo ti gba fírídọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ káfíńtà, mo ti fẹ́ ìyàwó, mo sì ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi sójú ọ̀nà tó lọ sí Odò-Orò. Ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀dì, àga ṣọ́ọ̀ṣì àti òrùlé ni iṣẹ́ mi, mo sì gbà lọ́kàn mi pé kò sí káfíńtà mìíràn lẹ́yìn mi ní gbogbo Ìkọ̀lé. Ohun tí mo fi ń yangàn jù ni pé ojú ibi tí igi méjì bá ti pàdé lọ́wọ́ mi, bíléèdì kò lè wọ ibẹ̀. Ọ̀gá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé káfíńtà tó bá jẹ́ kí oníbàárà rí àlàfo lára iṣẹ́ òun ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́. Bí igi bá wá la ojú lẹ́yìn tí a kàn án tán, a ó po gúlù mọ́ lẹ́búlẹ́bú tí ayùn gé sílẹ̀, a ó fi dí i, a ó fi sáńpépà ha á títí ọwọ́ kò fi ní mọ ibi tí àlàfo wà. Gbogbo káfíńtà ló ń ṣe é. A ò kà á sí irọ́ rárá, ìmọ́tótó la kà á sí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni bàbá kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú agolo bisikíìtì lábẹ́ apá. Bàbá Atukọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Ọmọ Ìkọ̀lé ni wọ́n, ṣùgbọ́n láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn ni wọ́n ti wà lórí òkun, nínú àwọn ọkọ̀ ńlá òyìnbó tó ń kó ẹrù, wọn kì í sì í wálé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Wọ́n ti fẹ̀yìntì báyìí, wọ́n ń gbé pẹ̀lú ìyàwó wọn nínú ilé tí wọ́n kọ́ sí ẹ̀yìn ọjà. Wọ́n ṣí agolo náà, wọ́n sì tú bébà kan tó ti pọ́n sílẹ̀ lórí tábìlì iṣẹ́ mi. Àwòrán ọkọ̀ ni, wọ́n yà á láti ẹ̀gbẹ́, láti òkè, àti bí ẹni là á sí méjì kí inú rẹ̀ hàn. Wọ́n ní èbúté kan ní ìlú òyìnbó ni àwọn ti rí irú ọkọ̀ náà, àgbàlagbà tó ni ín ló sì jẹ́ kí àwọn fi okùn wọn gbogbo ara rẹ̀.

“Ọmọ mi,” ni wọ́n wí, “wò ó dáadáa. Ṣé o lè kàn án fún mi?”

Mo ní mo lè kàn án kí n tó wò ó. Bí mo ṣe rí nígbà náà nìyẹn. Bí ẹnìkan bá gbé àwòrán ọkọ̀ òfuurufú wá, èsì kan náà ni n bá fọ̀. Ìgbà tí mo gbà tán ni mo wá ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Ìkọ̀lé. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ ojú wọn fún mi. Àìsàn kan ni, tí kì í dunni, tí kì í sì í pupa. Ó ń ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pa ojú wọn dé díẹ̀díẹ̀. Dókítà ti sọ pé kò sí ohun tó lè dá èyí tó ti lọ padà, pé òògùn kàn lè mú kó rọra ni.

“Uṣẹ́ inú ọkọ̀ ẹlòmíì ni mo ṣe ní gbogbo ọjọ́ ayé mi,” ni wọ́n wí. “Ẹ́ńjìnnì ló ń wa gbogbo wọn, ariwo rẹ̀ ò sì jẹ́ kí a gbọ́ omi. Kí ojú mi tó ṣú, mo fẹ́ rí ìgbòkun tó gba atẹ́gùn lórí ọkọ̀ tèmi. Ẹ̀ẹ̀kan péré tó fún mi.”

Ohun tí a ń sáré bá nìyẹn láti ọjọ́ náà lọ. Dáàmù ńlá kan wà ní apá Mọ̀bà, lẹ́yìn Ìdó, tí omi rẹ̀ fẹ̀ débi pé igi òdìkejì máa ń dàbí koríko. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ náà ń lọ. Bàbá sì fẹ́ kó débẹ̀ kí ojú wọn tó pa dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọkọ̀ yẹn ṣe rí, nítorí bí mo bá gbàgbé gbogbo nǹkan, n ò lè gbàgbé ìyẹn. Ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méjìdínlọ́gbọ̀n. Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ìtì ìrókò kan ṣoṣo tí ó lọ láti imú dé ìdí, tí ó sì jìn wọ inú omi. Bàbá ní ọkọ̀ tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ bá kúrú máa ń yára yí, ṣùgbọ́n kì í gbọ́ràn nínú ìjì. Èyí tó bá gùn máa ń tọ́ ọ̀nà rẹ̀ lọ, débi pé atukọ̀ lè fi ìtọ́kọ̀ sílẹ̀ lọ po tíì mu kó tó padà dé ìdí rẹ̀. Lábẹ́ egungun yìí la di àjákù irin tí a kó lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì sí, a sì da sìmẹ́ǹtì lé e, nítorí ìgbòkun á máa fà á ṣubú látòkè, ohun tó wúwo sì gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ tí yóò máa fà á dìde. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan àwọn egungun ìhà, méjìdínlógójì, tí a tẹ̀ bí ọrun, kí a tó wá fi pákó bo gbogbo rẹ̀ lára.

Iṣẹ́ pákó yìí ló fẹ́ pa mí. Kò sí ibì kankan tó tọ́ lára ọkọ̀ yẹn, ó sì ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń kọ́ bí a ṣe ń mú igi tọ́. Inú páànù gígùn kan la ń ti pákó mọ́, a ó fi agbada omi gbígbóná sí ìdí rẹ̀, ooru á sè é fún wákàtí kan, a ó sì fi àkísà gbé e sáré lọ sára ọkọ̀ kó tó tutù. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni a ní. Bí a bá fà á jù, ó kán. Bí a bá lọ́ra, ó le padà. Ọjọ́ kan wà tí mẹ́ta kán láàárọ̀ nìkan, mo sì jókòó sórí ilẹ̀, mo ń wo ọwọ́ mi tó bó. Bàbá wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lójú mi nígbà náà, ẹni tí kò gbé pákó gbígbóná ló ń pa irú òwe bẹ́ẹ̀.

Inú ọkọ̀ náà ni mo fẹ́ràn jù. Yàrá kékeré kan ni, tí àgbàlagbà lè dúró nínú rẹ̀ bó bá ká fìlà sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì méjì wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, pákó sì wà létí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹni tó sùn má bàa yí ṣubú. Ẹnu ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ní ihò tí ìka lè wọ̀ dípò ìmúdání, kí ẹnikẹ́ni má fi ìhà gbá irin nígbà tí ọkọ̀ bá ń mì. Sítóòfù kò jókòó sórí ohunkóhun. Ńṣe la fi irin méjì gbé e kọ́, tó fi jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá tẹ̀ sọ́tùn-ún, tó tẹ̀ sósì, ìkòkò á wà ní títẹ́jú. Mo bi Bàbá pé kí ló dé tí gbogbo etí tábìlì fi ní igi tó yọ sókè bí etí ọpọ́n.

“Òkun kì í bọ̀wọ̀ fún ọbẹ̀,” ni wọ́n dá mi lóhùn.

Gbogbo ìlú ló mọ̀ wá, ní ẹ̀yìnkùlé Bàbá níbi tí a ti ń kàn án. Àwọn tó ń bọ̀ láti oko Àsin àti Ààyè á sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n á ní kí Bàbá Nóà sọ ọjọ́ tí òjò máa bẹ̀rẹ̀ fún àwọn, kí àwọn lè tètè wu iṣu. Bàbá á ní kí wọ́n lọ mú akọ àti abo ewúrẹ́ wọn wá. Ìyàwó wọn, tí a ń pè ní Ìyá Àgbà, kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n á gbé iṣu sísè àti epo wá fún mi lọ́sàn-án, wọ́n á wo ọkọ̀ náà láti imú dé ìdí.

“Ẹ kú uṣẹ́ o,” ni wọ́n máa ń wí. “Gbogbo ugbà tí mo fi wà nílé ọkọ, òkun ni orogún mi. Mo rò pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wá wò ó, ọkọ mi tún ń kọ́ ulé fún un lẹ́yìnkùlé mi.”

Síbẹ̀, àwọn ni wọ́n ń fi okùn wọn pákó fún ọkọ wọn nígbà tí ojú Bàbá kò lè ka nọ́ńbà mọ́. Àwọn náà ni wọ́n jókòó ti aránṣọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí wọ́n ń bá a di kánfáàsì mú nígbà tó ń rán ìgbòkun.

Ọdún kìíní lọ, ọdún kejì lọ. Mo ti kọ iṣẹ́ òrùlé tí n ò lè kà sílẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti kan àga ìjókòó fún ilé ìjọsìn tuntun méjì. Èmi wà lábẹ́ ọkọ̀, mo ń wo òkè, ìyẹ̀pẹ̀ igi ń wọ ojú mi. Ìyàwó mi kì í bínú, ṣùgbọ́n ó ti ṣíwọ́ láti máa béèrè ìgbà tí yóò parí. Àárẹ̀ tó mú mi nígbà yẹn kì í ṣe èyí tí oorun ń wò. Bí mo bá jí láàárọ̀, ó ti jí ṣáájú mi.

Ní ọdún kẹta, bí òjò ṣe ń lọ sílé, a kan pákó tó kẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin Bàbá wá mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn ojú ní ìlú tó ń gbé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n pè é, ó di oṣù mẹ́rin. Ọyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó gbé lókè lọ́hùn-ún nígbà náà á rántí irú ọyẹ́ tí mò ń wí, èyí tó máa ń mú kí ètè ya kí a tó rẹ́rìn-ín. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ká tápólì kúrò lára ọkọ̀, mo sì rí i pé ìmọ́lẹ̀ ń ti ìhà kan wọlé, ó ń ti ìhà kejì jáde. Pákó ti súnkì. Gbogbo ojú ìpàdé wọn ló là, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo tún da tápólì bò ó. Mo rò pé igi tútù ni onísọ́míìlì tà fún mi, pé Bàbá á dé, wọ́n á sì mọ̀ pé mi ò mọ igi. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọjá lọ fi ìka bọ ọ̀kan nínú àwọn àlàfo náà, ó ní, “Káfíńtà, ṣé ajere lẹ kàn fún Bàbá ni?” Àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà, ọ̀nà láti béèrè sì wà, nítorí Ìyá Àgbà ń ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. N ò béèrè. Ohun tí ọ̀gá mi kọ́ mi ni mo ṣe. Mo po gúlù mọ́ lẹ́búlẹ́bú igi, mo fi òòlù àti sísù tí a fi ń gbẹ́ igi tì í wọ inú gbogbo àlàfo yẹn títí kò fi gbà mọ́, mo jẹ́ kó gbẹ, ó le bí òkúta, mo ha á, mo sì kun ọ̀dà funfun lé e. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi ṣe é. Nígbà tí mo parí, ọkọ̀ náà ń dán, mo sì yin ara mi.

Ìgbà tí máńgòrò ń pọ́n ni Bàbá padà dé. Ojú wọn ti burú sí i. Wọ́n ní ó dà bí ẹni tó ń yọjú wo ayé láti inú ihò kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ní kí n mú wọn lọ sídìí ọkọ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì pa á lára láti imú dé ìdí, wọ́n rọra ń lọ, wọ́n ń fi ìka wá ojú ìpàdé pákó. Wọn ò rí i.

“Ọyẹ́ ọdún yí le,” ni wọ́n wí. “Ṣé ojú ugi ò la?”

“Kò la, Bàbá,” ni mo fèsì.

Wọ́n dúró, ẹnu yà wọ́n, inú wọn sì dùn. Wọ́n ní ìrókò Èkìtì mà ju igi òyìnbó lọ. Wọ́n wá fara ti ọkọ̀, wọ́n sì ń ṣàlàyé fún mi bí ọ̀gá ṣe ń kọ́ ọmọ iṣẹ́.

“Mo ń bẹ̀rù lọ́hùn-ún pé kí ọyẹ́ má mú un kí n tó dé, torí mi ò sọ fún ọ. Ọkọ̀ onígi, bí ọ́ bá gbẹ, ojú rẹ̀ á la. Ẹni tí kò mọ̀ á lọ dí i. A kì í dí i. Bó bá dénú omi, ugi á mu omi, á wú, ojú rẹ̀ á tún pàdé. Bí nǹkan líle bá ti wà níbẹ̀, ugi ò ní rí àyè wú sí, egungun ìhà ni yóò fọ́.”

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú burọ́ọ̀ṣì ọ̀dà lọ́wọ́ mi. Mo ti ń ronú láti ọjọ́ náà wá, n ò sì tíì rí irọ́ tó dára tí mo lè pa fún ara mi nípa ìdí tí mo fi dákẹ́. Kì í ṣe pé n ò gbà wọ́n gbọ́. Ìtìjú wà níbẹ̀, nítorí ẹnu mi ò tíì gbẹ tí mo sọ pé kò la. Ṣùgbọ́n ìtìjú nìkan kọ́. Láti yọ ohun tí mo tì síbẹ̀, mo ní láti fi sísù wa gbogbo ojú ìpàdé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, oṣù méjì tàbí mẹ́ta, kí n máa ṣọ́ra kí pákó má sán. Ó ti rẹ̀ mí. Mo sọ lọ́kàn mi pé bóyá kò ní wú tó bẹ́ẹ̀, pé omi dáàmù kì í ṣe omi òkun. Mo ń bá a lọ láti máa kun ọ̀dà.

Oṣù kẹjọ, tí dáàmù ti kún, la gbé e lọ. Àgbégilódò ló gbé e, ọkọ̀ wa sì jókòó gàdàgbà sẹ́yìn rẹ̀ débi tí àwọn ará Ọ̀yẹ́ fi jáde dúró sójú títì láti wò ó. Ní Ìdó, wọ́n ní kí a dúró kí àwọn àgbàlagbà lè fọwọ́ kàn án. Bàbá jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, wọ́n wọ fìlà atukọ̀ wọn. Nígbà tí a dé etí dáàmù, a to igi róbótó sílẹ̀, a fi epo pa wọ́n, ogún ọkùnrin sì rọra tì í wọ inú omi. Ó fọ́n omi sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó mì lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dúró. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ohun tí mo mọ̀. Ó léfòó, funfun báláú, òpó ìgbòkun rẹ̀ tọ́ lókè, kò sì sí ẹ̀kán omi kan nínú rẹ̀. Àwọn apẹja ń pàtẹ́wọ́. Bàbá ń sunkún, wọn ò sì nù ún. Mo ní kí a gbé ìgbòkun sókè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n ní rárá. Wọ́n ní a ó so ó mọ́ etí omi fún ọjọ́ mẹ́ta kó kọ́kọ́ mu omi yó, pé bí a ṣe ń ṣe nìyẹn, pé ẹni tó ti dúró láti ìgbà ọ̀dọ́ lè fi ọjọ́ mẹ́ta kún un.

Ilé apẹja kan la dé sí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo wà nínú ọkọ̀ náà, mò ń ti ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kan tí kò wọlé dáadáa, nígbà tí mo gbọ́ tí nǹkan kan ró kẹ́ẹ́ nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Mo tẹ́tí sílẹ̀. Ó tún ró. Mo gbé pákó ilẹ̀ sókè, mo sì rí egungun ìhà kan tó ti là gba àárín, omi tínínrín kan ń yọ́ wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo lè sọ̀rọ̀ nígbà náà. Bí a bá pe àwọn ọkùnrin, à bá fà á padà sórí ilẹ̀. Mo dá pákó náà padà sí àyè rẹ̀, mo mú agolo, mo ń gbọ́n omi, mò ń gbọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú, mo sì lọ sùn. Ìwọ̀nba tó kù nínú ara mi nìyẹn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ kẹta, ọkọ̀ náà ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ létí omi, omi sì ti kún yàrá rẹ̀ dé etí tábìlì. Ìgbòkun wà ní kíká nínú àpò lórí ilẹ̀, a ò tíì tú u. Ariwo àwọn apẹja ló jí Bàbá. Wọ́n ní kí n mú àwọn lọ. Wọ́n wọ inú omi pẹ̀lú ṣòkòtò lára, omi mu wọ́n dé àyà, wọ́n na ọwọ́ wọ ibi tí pákó ti ya kúrò lára egungun. Wọ́n mọ egungun tó fọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n fi èékánná ha ojú ìpàdé pákó méjì, nǹkan kan bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n fi àtàǹpàkò ra á, wọ́n sì gbé e sí imú. Èmi àti àwọn nìkan la wà níbẹ̀. Mo ń retí èpè. Mo tilẹ̀ fẹ́ kó wá.

“Ó rẹ̀ ọ́, àbí?” ni wọ́n bi mí.

Wọ́n ju nǹkan náà sómi, wọ́n di apá mi mú kí n mú wọn gòkè. Nígbà tí àwọn ènìyàn yí wa ká tí wọ́n ń bi wọ́n léèrè, Bàbá ní àwòrán àwọn ni kò péye, pé ojú àwọn ló ṣi nọ́ńbà kà, pé kí ẹnikẹ́ni má bá káfíńtà wí, ó ṣe uṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo gbọ́, mo sì gbà á. Apẹja kan ní kí a tilẹ̀ ta ìgbòkun náà sórí òpó tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ yẹn kí Bàbá lè rí i. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní ìgbòkun tí kò gbé ọkọ̀ lọ, aṣọ sísá ni.

Ojú wọn ṣú pátápátá kí ọyẹ́ tó tún dé. Láti ìgbà náà, èmi ni mo ń lọ mú wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, tí mo ń tún ilẹ̀kùn wọn ṣe, tí mo ń ṣán oko ẹ̀yìnkùlé wọn. Ọdún márùn-ún ni mo fi ṣe é. Gbogbo àdúgbò ń yìn mí pé ọmọ dáadáa ni mí, pé ọkọ̀ rì tán, n ò sì sá fún bàbá arúgbó. A máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bàbá á máa sọ ìtàn èbúté, èmi á máa gbọ́, ọ̀rọ̀ dáàmù kò sì jáde lẹ́nu wọn mọ́. Mo pinnu lọ́pọ̀ ìgbà pé n ó jẹ́wọ́ fún Ìyá Àgbà, ó kéré tán, kí ẹnìkan nínú ilé náà gbọ́ ọ láti ẹnu mi. Bí mo bá dé ibẹ̀ tí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú mi, ọ̀rọ̀ náà á padà sínú.

Nígbà tí Bàbá kú, ajíhìnrere fi ọkọ̀ náà ṣe àkàwé nínú ìwàásù. Ó ní ènìyàn á dá ìmọ̀ràn tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣirò ẹ̀dá kì í péye. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́, bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín nípa òkú tí a fẹ́ràn. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ètè mi wúwo. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ, mo lọ bá Ìyá Àgbà, mo dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, mo sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, láti orí gúlù dé orí egungun tí mo gbọ́ tó ń fọ́. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọn ò tilẹ̀ yí ojú padà.

“Dìde,” ni wọ́n wí. “Ọjọ́ tí ẹ ti dáàmù dé ni ọkọ mi ti sọ fún mi. Ọ́ ní mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kí o mọ̀ pé mo mọ̀. Ọ́ ní bí o bá mọ̀, ojú á tì ọ́, o ò sì ní wá sí ulé wa mọ́, òun ò sì ní ẹlòmíì tí òun lè bá sọ̀rọ̀ ọkọ̀.”

Mo ti sún mọ́ ọjọ́ orí tí Bàbá wà nígbà tí wọ́n gbé agolo wọn wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Eékún ń dùn mí, àwọn ọmọ mi sì ń sọ pé kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo rò pé èmi ni mò ń ṣàánú afọ́jú kan, tí mò ń fi ọdún márùn-ún san ohun tí mo bà jẹ́ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Àwọn méjèèjì mọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tí mo na ọwọ́ sí Bàbá kí wọ́n lè dìde lórí àga, wọ́n mọ ọwọ́ tí wọ́n ń dì mú, wọ́n sì ń dì í mú ṣinṣin.